Fóònù tí kò dún

Sí Ọmọ Oníléèsì, Gbági, Ìbàdàn.

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí o ti gbé fóònù tí kò dún sétí, mo sì gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọkùnrin ará Austria kan dúró níwájú rẹ ní ìpàdé àwọn oníléèsì, ó fún ọ ní káàdì rẹ̀, ó wá bi ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé irú léèsì wo ni àwọn oníbàárà rẹ ń béèrè jù lọ́dún yìí. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló yé ọ. Ìbéèrè tí o ń dáhùn láàárọ̀ lálẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ ni! O wá ń ṣe "hẹ́lòó, hẹ́lòó" sínú fóònù tí ẹnikẹ́ni kò pè, o jáde, o lọ dúró láàárín àwọn mọ́tò títí ìpàdé fi tú.

Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin yẹn ló ni Gẹ̀ẹ́sì? Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ ní Austria. Ní Lustenau, ìlú kékeré tó wà létí ààlà Switzerland, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára aṣọ, tí wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí wa láti bí ọdún 1960 síwájú. Bí wọ́n bá ń bá ọmọ wí níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi ń bá a wí. Ilé ìwé ni òun náà ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ yá ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀ wá sí òde kan náà, ìwọ nìkan lo wá ń sá pamọ́ pé tìrẹ kò bá ọ mu. Ní 2010, wọ́n pàtẹ léèsì wa sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Vienna, kí àwọn ará ibẹ̀ lè rí ohun tí àwa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn dá lára. Ẹni tó mọ bí àwa ṣe ń wọ̀ ọ́ ni ọkùnrin yẹn ń wá. Ìwọ ni.

Gbági fúnra rẹ̀ mọ irú èyí. Lẹ́yìn tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ Gbági, àwọn ará Lebanon tí à ń pè ní Kòráà sì wà lára àwọn tó wá tẹ́ ọjà. Lárúbáwá ni èdè ìyá wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mò ń tẹ̀lé ìyá mi àgbà lọ ra aṣọ, Kòráà kan wà tó máa ń fi Yorùbá kí wa. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ béèrè ọkọ ìyá àgbà, ni ó bá ní, "Màmá, ọkọ́ yín ńkọ́?" Ìyá àgbà ní, "Ó wà lóko." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà pè fún òun. Nígbà tí a padà lọ, ó tún béèrè, ó sì pè é dáadáa. Títí ìyá àgbà fi fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń rajà, torí pé ọkùnrin náà ń béèrè ọkọ rẹ̀.

Inú mi kò dùn sí tísà rẹ ní pámárì tí o kọ̀wé nípa rẹ̀, èyí tó gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn nítorí pé o sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ọmọ ọdún méje! Kí ló rò pé òun ń kọ́ ọ? Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìtìjú ló kọ́ ọ, ìtìjú náà lo sì gbé dé ìpàdé yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà rárá. Kí tísà yẹn lọ ka ìyẹn.

Kì í ṣe gírámà ló ń da irú wa rú lójú òyìnbó. Bí o bá bá a lẹ́nu iṣẹ́ tí o ní "Well done", ẹ kú iṣẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ọ bí ìgbà tí tísà ń yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá kọsẹ̀ tí o ní "Sorry", á ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Èyí tó burú jù ni "I'm coming", mò ń bọ̀ tí àwa máa ń sọ nígbà tí a bá ń lọ. Á dúró síbẹ̀, á máa retí rẹ. "I'll be right back" ni kí o sọ. Kí o sì wò ó lójú. A kọ́ ẹ nílé pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà, ṣùgbọ́n ní ti wọn, ẹni tó ń wo ilẹ̀ ní ohun tó ń fi pa mọ́.

Ìyókù, o ti mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, o kí i, o bi í pé òde wo ni, o bi í pé ẹbí mélòó ni yóò wọ̀ ọ́, o ta aṣọ lé e léjìká, o sì dákẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní gbólóhùn méjì lẹ́nu: "I sell lace at Gbági, in Ibadan. My mother started the shop before I was born." Pè é nínú yàrá títí yóò fi rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, bi ọkùnrin náà léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Bí ohun tó sọ kò bá yé ọ, "Please say that again" kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ní ti kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì olóṣù mẹ́ta tí o béèrè bóyá kí o lọ, lọ bí owó rẹ̀ bá wà, ṣùgbọ́n má dúró dè é.

Mo ti jágbe mọ́ ọ jù. O kọ ọ́ pé nígbà tí o délé, ìyá rẹ béèrè bí ìpàdé ṣe rí, o ní, "Ó dára, mà," o sì wọ yàrá lọ sùn láìjẹun. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Káàdì ọkùnrin náà ṣì wà nínú báàgì rẹ. Mú fóònù yẹn kan náà, kí o pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ọjà tó kún. Bí ó bá gbé e, kọ̀wé sí mi. Bí kò bá gbé e, ṣáà kọ̀wé.