Ẹ Mọ Ibi Tí Iṣẹ́ Yín Ti Há Kí Ẹ Tó Náwó Lé E

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ṣòwò ní Rush Green ní England níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó ẹrù lọ sí Èkó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná òde àríyá, ìkìlọ̀ kan rèé: bí ọjà bá ń yá tí èrè kò sì hàn, ẹ má sáré ra ẹ̀rọ, ẹ má sì tíì gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ ipa iṣẹ́ yín, láti ìgbà tí oníbàárà ti pè títí owó fi wọlé.

Ó yẹ kí àdúgbò yìí mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ. Ilé iṣẹ́ Ford tó wà ní Dagenham nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe ọkọ̀ láti 1931 títí di 2002. Henry Ford fúnra rẹ̀ ti fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 1913 pé bí ọkọ̀ bá ń rìn tọ òṣìṣẹ́ wá, dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn tọ ọkọ̀ lọ, ìtòjọ tó ń gba wákàtí 12 àti ààbọ̀ lè di nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dagenham ní oṣù kẹfà 1968 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Obìnrin 187 tó ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n kà wọ́n mọ́ aláìmọṣẹ́, owó wọn sì kéré sí ti ọkùnrin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló kù nínú ọgbà yẹn, ẹ̀rọ sì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Nígbà tí aṣọ ìjókòó tó wà nílẹ̀ tán, ọkọ̀ kò lè jáde mọ́. Ta ni yóò ra ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó? Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n jà fún, òun ló sì ṣínà fún òfin owó iṣẹ́ ọgbọọgba ti 1970. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wo iṣẹ́ tẹ́ ẹ fojú kéré jù: ó lè jẹ́ òun ni gbogbo yòókù so rọ̀ mọ́.

Ẹ wá wo ìdáná òde wa ní Sátidé. Ẹlòmíràn fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹlòmíràn pè. Ìyá olóúnjẹ nìkan ló mọ ẹni tó ti sanwó tán. Ìrẹsì ti jinná láti aago mẹ́wàá, ayamáṣẹ ti wà nílẹ̀, awakọ̀ ti dé. Síbẹ̀ kúlà mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń lọ sí Barking, ìyá sì ti jáde lọ wá ike ìbuoúnjẹ, kò gbé fóònù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á ní sítóòfù ni kò tó. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Orí ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ti há.

Ìdúró yẹn kì í ṣe owó nìkan ló ń jẹ. Lábẹ́ òfin England, oúnjẹ gbígbóná tí a fẹ́ tà kò gbọ́dọ̀ tutù ju 63°C lọ, àfi fún wákàtí méjì péré, lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ẹ mú ìbéèrè oníbàárà kan, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ kọ aago sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti dúró. Ẹni tó ń fọ ẹ̀wà, tó ń di ẹrù, ni kẹ́ ẹ bi léèrè ohun tó máa ń dúró dè. Ọ̀gá kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ẹ tún ibi kan ṣe, kẹ́ ẹ tún padà wò, torí ìhámọ́ á ṣí lọ síbòmíràn. Ẹ yan igbákejì tó lè pàṣẹ nígbà tẹ́ ẹ bá lọ sínkú nílé. Lẹ́yìn èyí lẹ lè wá ronú ẹ̀rọ.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń fa ìdádúró lẹ máa gé kúrò. Ẹ má gé wíwọn ìgbóná oúnjẹ àti kíkọ ọ́ sílẹ̀: àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ìbílẹ̀ máa ń béèrè àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní máàkì ìmọ́tótó láti 0 sí 5, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ Food Standards Agency ṣe fún un. Ẹ má sì da rìsíìtì nù. Ẹni tó ń dá ṣòwò gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán, lẹ́yìn 31 oṣù kìíní tó jẹ́ gbèdéke owó orí ọdún náà.