Ẹsẹ̀ Tó Ń Wú Lójú Ọ̀nà Onitsha

Ìbéèrè: Láti Èkó ni mo ti ń lọ rajà ní Onitsha. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ méjèèjì á ti wú. Kí ni mo lè ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní Ọ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tí ẹ bá jókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀, kò ríṣẹ́ ṣe, omi ara á wá rọ́ sísàlẹ̀.

Ní Ọ̀rẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ jókòó ti iyán (mo mọ̀ pé ebi ń pa yín). Ẹ kọ́kọ́ rìn díẹ̀. Ẹ fọwọ́ ti ara ọkọ̀, ẹ na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, kí ẹ wá tẹ orúnkún ti iwájú títí ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà á fi máa fà. Ìṣẹ́jú àáyá 30 tó. Ẹ ṣe ìkejì. Kó fà ni o, kó má dùn yín.

Nínú ọkọ̀, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó sì ń dùn yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.