Ìkéde fún Ọmọ tí Wọ́n Jí Gbé

Bíbélì Kíkà: Lúùkù 2:41-52



Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa, Màríà àti Jósẹ́fù ti rin ìrìn odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó mọ̀ pé Jésù kò sí láàrin èrò. Wọ́n ti rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìbátan. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. A kì í sábà dúró lórí ọjọ́ mẹ́ta yìí, nítorí inú tẹ́ńpìlì ni wọ́n ti bá a, ayọ̀ sì ni ó parí sí. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti wá ọmọ kiri ọjà fún wákàtí kan péré mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta jẹ́.

Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ti lọ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n ní Amẹ́ríkà lè ti gbọ́ ọ rí, tí gbogbo fóònù inú ilé á ṣàdédé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń wá ọmọ kan ni. AMBER Alert ni wọ́n ń pè é, ohun ìbànújẹ́ ni ó sì bí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1996, ní ìlú Arlington, ìpínlẹ̀ Texas, Amber Hagerman, ọmọ ọdún 9, ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọkùnrin kan fipá gbé e sínú ọkọ̀ dúdú kan. Aládùúgbò kan rí i, ó sì pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú odò kékeré kan. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó pa á.

Ẹni tó rí i sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá sì gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí àwọn tó wà lójú títì fi lè tètè mọ̀. Obìnrin kan ní agbègbè yẹn wá pe ilé-iṣẹ́ rédíò. Bí rédíò bá lè dá ètò rẹ̀ dúró láti kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀, kí ló dé tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ? Kì í ṣe aṣòfin, kì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Ní 1998, ní Arlington kan náà, olùtọ́jú ọmọ gbé ọmọ ọwọ́ kan sá lọ. Awakọ̀ kan tó gbọ́ ìkéde dá ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀, wọ́n sì rí ọmọ náà láàyè.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó sọnù ni wọ́n ń kéde báyìí o. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dún láìnídìí lójoojúmọ́, ta ni yóò dìde? Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí ọlọ́pàá ní ìdí láti gbàgbọ́ pé wọ́n jí ọmọ náà gbé, pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, pé kò ju ọdún 17 lọ, kí àpèjúwe tó péye sì wà: aṣọ ọrùn ọmọ, irú ọkọ̀, nọ́mbà ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti pátákó ojú títì yóò gbà á. Láti 2013 ni ó sì ti ń wọ inú fóònù. Ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe àjèjì ló gbé ọmọ náà, bí kò ṣe bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀.

Ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Washington, tí wọ́n gbé jáde ní 2006, fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa, nǹkan bí 76 ló kú láàrin wákàtí 3. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń sọ pé ó dìgbà tí wákàtí 24 bá pé kí a tó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 ka irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọlọ́pàá wọn. Àwa náà, ẹ má ṣe dúró.

Ní 2024, àjọ NAPTIP àti ilé-iṣẹ́ Meta bẹ̀rẹ̀ irú ìkéde yìí ní Nàìjíríà lórí Facebook àti Instagram. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Facebook kò mọ bí ọmọ yín ti rí. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún un.

Fún Ìjíròrò: Fọ́tò ọmọ yín tó wà lọ́wọ́ yín, ọdún wo ni ẹ yà á? Kí ni ó wọ̀ jáde láàárọ̀ òní?