Ìtọ́jú Ajá Nígbà Ariwo Ọdún

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní òru Kérésìmesì àti ti ọdún tuntun, nígbà tí ẹ̀tù aláriwo tí àwọn ọmọdé ń pè ní bángà bá ń dún, ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí ajá gbọ́ ìpè olówó rẹ̀. Etí ajá mú ju ti ènìyàn lọ.

Ẹni tí ajá rẹ̀ jẹ́ ojo, kí ó bọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì tì í mọ́ yàrá tí ó jìnnà sí òpópó. Kí ó pa fèrèsé dé, kí ó gbé omi sí ibẹ̀, kí ó sì tan rédíò díẹ̀ láti bo ariwo òde mọ́lẹ̀. Kò dára láti so ó mọ́ igi ní ìta, nítorí okùn lè fún un lọ́rùn bí ó bá ń jà láti sá. Bí ó bá ń gbọ̀n, kí ó má ṣe nà án. Ẹ̀rù kì í ṣe àìgbọràn.

Ajá tí ẹ̀rù bà lè bu ènìyàn jẹ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá dúró títí àmì àrùn náà fi hàn, ẹ̀pa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bóró mọ́.