Ẹ̀rọ Awárin Àkọ́kọ́: Kí Ni Owó Wa Ń Rà Gan-an?

Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń nà sí wa lára lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, tó máa ń ké tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lápò wa, irú rẹ̀ kan wà tí àwọn ará Ìlú Ọba máa ń gbé lọ sínú oko. Ọ̀pá gígùn ni. Kọ́ìlì rìbìtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àpótí kékeré tó ń fi nọ́ḿbà hàn wà lókè. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń fì í sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ń wá owó ẹyọ ayé Róòmù, bọ́tìnì aṣọ ológun, òrùka tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ nínú yín bá fẹ́ bá wọn ṣe é, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi mí ni pé èló ni kí òun ná.

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má fi owó ra ìjìnlẹ̀, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe lè rí nǹkan jìnnà tó nísàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí ìjìnlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti owó. Ẹ̀rọ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣó àti fàdákà, tí ilẹ̀ tó fẹ́ rìn kò sì ní kó ìdààmú bá, ni kó wá. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìdí rẹ̀.

Ẹ wá páìpù bàbà kan, irú èyí tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń gbé omi wọ ilé, kó gùn tó mítà kan. Ẹ dì í mú lóòró, kí ẹ sì ju mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó lágbára sínú rẹ̀ látòkè. Bàbà kì í lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì yẹn kò ní já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó á sì máa yọjú wo inú páìpù bóyá ó ti há. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń kọjá, agbára òòfà tó ń kan bàbà kò dúró sójú kan, ìyípadà yẹn sì ń dá iná mànàmáná sílẹ̀ nínú bàbà fúnra rẹ̀. Iná náà ń yí po nínú ara páìpù, ó ń ní agbára òòfà tirẹ̀, ó sì ń fi í ta ko mágínẹ́ẹ̀tì tó bí i. Michael Faraday ló ṣe ìdánwò tó fi hàn ní London lọ́dún 1831 pé òòfà tó ń yí padà lè bí iná.

Orí ìmọ̀ yìí ni ẹ̀rọ awárin dúró lé. Iná bátìrì ń gba inú kọ́ìlì àkọ́kọ́, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára òòfà tó ń wọ ilẹ̀ lọ sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí owó ẹyọ bá wà nísàlẹ̀, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú rẹ̀, owó náà á sì rán agbára òòfà tirẹ̀ padà sókè. Kọ́ìlì kejì wà níbẹ̀ tí wọ́n tò lọ́nà tí kò fi ní máa gbọ́ kọ́ìlì àkọ́kọ́. Òun ló ń tẹ́tí sí ìdáhùn yẹn.

Níbí ni kí ẹ ti bá mi dúró díẹ̀. Agbára òòfà tó ń jáde láti inú kọ́ìlì máa ń tètè rẹ̀. Tí ohun tí a ń wá bá kéré, tó sì ti jìnnà díẹ̀ sí kọ́ìlì, bí a bá sọ ọ̀nà yẹn di ìlọ́po méjì, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìdáhùn tó ń rán padà ní láti rin ọ̀nà kan náà, òun náà á tún dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 64. Ìyẹn ni pé owó tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 nísàlẹ̀, ìdá kan péré nínú 64 ohùn tó ń mú jáde ní sẹ̀ǹtímítà 15 ni yóò kàn wá. Ẹ tún fi òfin kan náà wo sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré: kí ẹ̀rọ tó ń rí owó ní 20 tó lè rí i ní 25, ó gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí kò tó 300 pọ́n-ùn àti èyí tó lé ní 1,000 kì í fi jìnnà síra tó bí iye owó wọn ṣe jìnnà, nígbà tí a bá fi owó ẹyọ kan ṣoṣo dán wọn wò lórí ilẹ̀ tó mọ́. Òǹtajà tó bá ń fi ìjìnlẹ̀ nìkan polówó, ẹ bi í léèrè nǹkan mìíràn.

Ìtúlẹ̀ tún ń ràn wá lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí katakata ń tú lọ́dọọdún kì í jìnnà sókè. Ní oṣù Keje ọdún 2009, Terry Herbert rí ìṣúra wúrà àti fàdákà àwọn Anglo-Saxon nínú oko kan ní Hammerwich, ní Staffordshire, wọ́n sì díye lé e ní 3.285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ẹ̀rọ tó fi rí i ti lo ọdún 14. Ìtúlẹ̀ ti fọ́n ìṣúra náà ká nítòsí òkè ilẹ̀, ohun tó sì kù ni kí ẹnì kan rìn gba orí rẹ̀ láìkánjú.

Èyí tó nira ni ká mọ ohun tó ń dún. Ní oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ọta sì há sínú rẹ̀. Alexander Graham Bell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, gbé ẹ̀rọ kan wá láti wá ọta náà. Ó ti kọ́kọ́ dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Lórí ibùsùn Ààrẹ, ohùn kàn ń jáde káàkiri ni. Sípíríǹgì irin wà nínú ibùsùn yẹn, dókítà tó ń tọ́jú Ààrẹ kò sì jẹ́ kí Bell wá a kọjá apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Garfield kú ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rọ Bell ní agbára tó láti gbọ́ òjé. Kò kàn lè ya òjé sọ́tọ̀ kúrò lára irin ibùsùn.

Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ni owó wa ń rà lónìí. Ìdáhùn mẹ́tàlì kì í bá iná tó ti inú ẹ̀rọ wá rìn pọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, ó máa ń pẹ́ sẹ́yìn. Bí ti fàdákà àti bàbà, tí iná ń ṣàn nínú wọn wẹ́rẹ́, ṣe ń pẹ́ yàtọ̀ sí ti òjé tàbí alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Irin, tí òòfà ń fà, tún yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹ̀rọ á wọn ìpẹ́sẹ́yìn náà, á sọ ọ́ di nọ́ḿbà àti ohùn: lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti irin, ohùn òkè ni ti fàdákà.

Àmọ́ ẹ má gba nọ́ḿbà yẹn gbọ́ tán. Òrùka wúrà kékeré àti etí alumíníọ́mù tí a fi ń ṣí agolo mínírà lè mú nọ́ḿbà kan náà wá, nítorí pé ìwọ̀n, ìrísí àti ohun tí a fi ṣe nǹkan ló ń para pọ̀ di nọ́ḿbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ dákẹ́ lórí etí agolo ti ní kí ó dákẹ́ lórí wúrà. Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ hú gbogbo ohun tí ohùn rẹ̀ bá dúró ṣinṣin, ìbáà jẹ́ pàǹtí.

Iye ìgbà tí iná kọ́ìlì ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni fríkúẹ́ńsì. Èyí tó kéré, bí 5 kHz, ìyẹn ìgbà 5,000, dára fún fàdákà tó tóbi. Èyí tó ga, láti 20 lọ sókè, máa ń gbọ́ ohun tín-ín-rín: ègé wúrà, tàbí owó fàdákà pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí wọ́n gé sí méjì láti fi rí ṣéńjì. Fún oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo fara mọ́ 12 sí 15 fún olùbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń dún, àwọn tó ń rajà sì máa ń gbàgbé èyí jù. Ilẹ̀ pupa wa nílé, ìpẹtà irin ló sọ ọ́ di pupa, ẹ̀rọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń pa ohùn ilẹ̀ mọ́lẹ̀ á máa ké ṣáá lórí rẹ̀. Iyanrìn etí òkun tó tutù ń gbé iná nítorí iyọ̀. Nítorí náà, ẹ wá ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnì tí a fi ń bá ilẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa gbé kọ́ìlì sókè sódò lórí ibi tí kò sí mẹ́tàlì, títí ohùn á fi rọlẹ̀. Nokta Simplex+ ti ilé iṣẹ́ Tọ́kì kan ní bọ́tìnì yìí, 12 kHz ló ń lò, ó sì ṣeé rì sínú omi dé mítà mẹ́ta. Garrett ACE 250 ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ń lo 6.5, kò sì ní bọ́tìnì ilẹ̀ rárá. Bí àlòkù àwọn méjèèjì bá wà níwájú mi ní owó tó súnmọ́ra, Simplex+ ni mo máa gbé. Ẹni tó jẹ́ pé etí òkun ló máa ń lọ jù, kó wo Minelab Vanquish, tó ń lo fríkúẹ́ńsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iyanrìn oníyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Kọ́ìlì ńlá ń rí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n níbi tí pàǹtí bá pọ̀ sí, ìṣó mẹ́ta àti owó kan á wọ abẹ́ rẹ̀ pọ̀. Kékeré ló yẹ irú ibẹ̀. Ẹ má sì ná gbogbo owó yín tán sórí ẹ̀rọ: ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ṣọ́bìrì gidi, hẹ́dífóònù, àti ọ̀pá awárin kékeré tí a ń tì bọ inú ihò láti mọ ibi tí nǹkan náà wà gan-an.

Ní ti òfin, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó wọ oko. Ilẹ̀ tí ìjọba ti kà sí ohun àjogúnbá, ẹ má gbé ẹ̀rọ dé ibẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ní England àti Wales, ohun tó bá jọ ìṣúra, bíi wúrà tàbí fàdákà tó ti lé ní 300 ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó coroner, òṣìṣẹ́ tí òfin yàn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, létí láàárín ọjọ́ 14. Nílé ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa wú ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ì bá sọ fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní àwọn onímọ̀ ló hú wọn, tí wọ́n sì kọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ mú owó fàdákà àtijọ́ kan àti ìṣó tó ti dípẹtà lọ. Ẹ ní kí òǹtajà jẹ́ kí ẹ gbé ẹ̀rọ jáde síta, nítorí irin inú ògiri àti ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù á dà yín rú. Ẹ tẹ́ owó náà sórí koríko, ẹ gbé kọ́ìlì kọjá lórí rẹ̀ ní gíga ìbú ọwọ́ kan, kí etí yín mọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àlàfo àárín wọn má ju ìka méjì lọ, kí ẹ sì tún gbé kọ́ìlì kọjá láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ohùn fàdákà bá ṣì ń yọ láti ọ̀nà méjì ó kéré tán, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá òǹtajà sọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá jẹ́ ohùn irin nìkan ló ń jáde, ẹ dá a padà, kí ẹ ní kó gbé òmíràn wá.