Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Àlòkù ní Ọjà Ìkòtún: Rírà, Dídánwò àti Pàṣípààrọ̀

ÌFÁÁRÀ

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ya ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa nígbà tí ẹ bá rí àkọlé tí mo kọ sókè yìí. Ohun tí a máa ń kà nínú ìwé wa ni oríkì, ẹkún ìyàwó, ìlò àfòmọ́ àti àṣà ìgbéyàwó. Ta ni ó wá mú gọ́ọ̀fù wọ àárín wa? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ìwà ni mo ní lẹ́nu. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì ń kọ́ ní ẹ̀ka wa.

Kí n tètè jẹ́wọ́ pé n kò mọ gọ́ọ̀fù gbá. N kò gbá a parí ihò 18 rí. Ohun tí mo fẹ́ràn ni ohun èlò rẹ̀: kí n rà á, kí n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n dán an wò, kí n tún fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Àwọn kan ń kó sítáǹbù jọ, àwọn kan ń sin ẹyẹlé. Ní tèmi, ọ̀pá gọ́ọ̀fù àlòkù ni mo fi ń gbafẹ́.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé ní Ẹgbẹ́dá. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí a wà ní ìsinmi, àǹtí rán mi lọ ra àga oníke ní ọjà Ìkòtún. Ní ìsọ̀ bàbá kan tí ó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti rí ọ̀pá irin mẹ́ta tí wọ́n fi okùn so mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

"Ẹ káàsán, bàbá. Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

"Ọmọ mi, ọ̀pá tí wọ́n fi ń pa ejò ni. Àwọn ọlọ́dẹ alẹ́ pàápàá máa ń rà á."

₦6,000 ni ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ná an títí ó fi gbà á ní ₦3,500. Owó tí mo fẹ́ fi jẹun ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo san. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó máa ń ru àpò fún àwọn agbágọ́ọ̀fù, ni ó wá là mí lójú. Ó yí ìdí ọ̀pá náà sókè, ó fi nọ́ńbà 5, 7 àti 9 hàn mí, ó ní, "Àbúrò, ejò kọ́ ni wọ́n fi èyí pa o. Ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ̀ mí lára.

Eré náà kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Pápá wà ní GRA Ìkẹjà, ó sì wà ní Ìkòyí, níbi tí ẹgbẹ́ Ikoyi Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938 wà. Ní 1978, Sandy Lyle, ọmọ Scotland, wá gba ife Nigerian Open lọ. Ìgbà 124 péré ni ó fi gbá ihò 36 àkọ́kọ́. Ní àkókò náà, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ni wọ́n ń tẹ́ yí ihò ká dípò koríko ní ọ̀pọ̀ pápá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ

Àjọ R&A tí ó wà ní St Andrews àti àjọ USGA ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ń ṣe òfin eré yìí. Òfin wọn ni pé ọ̀pá tí ó wà nínú àpò eléré kan kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àwọn ọ̀pá náà sí. Èkíní ni àwọn olórí ńlá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ìkejì ni àwọn olórí irin tí ó ní nọ́ńbà. Ìkẹta ni ọ̀pá kúkúrú tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú irin náà ṣe ń dúró gangan tó, tí bọ́ọ̀lù yóò sì lọ jìnnà ní ìsàlẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ojú irin ṣe ń dẹ̀yìn tó, tí bọ́ọ̀lù yóò gòkè, tí kò sì ní jìnnà.

Igi ni ara ọ̀pá tẹ́lẹ̀; ní 1929 ni àjọ R&A gba irin láàyè. Lẹ́yìn èyí ni irú tí ó dúdú, tí ó sì fúyẹ́, tí wọ́n ń pè ní graphite, wá dé.

BÍ A ṢE Ń YẸ Ọ̀PÁ ÀLÒKÙ WÒ

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní ọjà kò gbọdọ̀ kánjú. Ohun márùn-ún ni mo máa ń ṣe.

(1) Mo máa ń di ọ̀pá náà mú bí ẹni tí ó fẹ́ gbá a, láti mọ̀ bóyá ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni tàbí ti ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra ti ọlọ́wọ́ òsì láìmọ̀.

(2) Mo máa ń fi èékánná tẹ rọ́bà ìdìmú rẹ̀. Bí ó bá ti le gbagidi, tí ó sì ń dán, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́, owó àtipààrọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀.

(3) Mo máa ń gbé e sókè, kí n fi ojú kan wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo pákó. Bí ó bá wọ́, tàbí bí ó bá sán níbi tí ó ti wọ inú orí, n kò ní rà á.

(4) Mo máa ń mì ín sí etí. Bí nǹkan bá ń dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú orí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gílúù tí ó mú un ti ń ṣí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí. Mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

(5) Mo máa ń mú òòfà kékeré kan lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó ń tà bá sọ pé titanium ni olórí ńlá náà, tí òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà, a jẹ́ pé irọ́ ni. Òòfà kì í fa titanium.

BỌ́Ọ̀LÙ INÚ OMI IYỌ̀

Ìdánwò bọ́ọ̀lù ni ó dùn mọ́ mi jù. Òfin ni pé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, kò sì gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 42.67 ní ìbú. Èyí tí wọ́n bá ṣà nínú igbó àti omi ni àwa ń rí rà. Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ó dára? Ẹ bu omi sínú abọ́, kí ẹ da iyọ̀ sí i, kí ẹ máa rò ó títí bọ́ọ̀lù tí ó ti rì yóò fi léfòó. Ẹ fi bírò tọ́ òkè rẹ̀ sí, kí ẹ wá yí i. Bí ibi tí ẹ tọ́ sí bá ń padà wá sókè ní gbogbo ìgbà, ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ, kò ní lọ tààrà. Bí ó bá dúró níbi tí ó bá wù ú, ó dára.

Iyọ̀ tí ó ń gbà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí àǹtí mi rí i pé iyọ̀ tí ó rà fún oṣù kan ti tán ní ọjọ́ mẹ́ta, ó pè mí sí yàrá ìdáná, ó ní, "Ṣé o ń fi iyọ̀ ṣe ẹbọ ni?" Èmi ni mo ra òmíràn.

ÈDÈ ỌJÀ

Ní ọjà Ìkòtún, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ fún ohun tí kì í ṣe tuntun. "Àlòkù" wá láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, lò àti kù: ohun tí a lò tí ó kù. "Tòkunbọ̀" ni ohun tí ó ti òkun bọ̀. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ni kí ó tó di orúkọ ọkọ̀ àti fìríìjì. "Òkirikà" ní tirẹ̀ wá láti ara orúkọ ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers, aṣọ ni a sì ń lò ó fún jù. Ẹ kíyè sí i pé a kì í sọ pé ọ̀pá òkirikà. Tòkunbọ̀ a máa gbé ọjà níyì. Àlòkù a máa sọ òótọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń tà a máa sọ pé "tòkunbọ̀ ni", ẹni tí ó ń rà a sì máa dáhùn pé "àlòkù náà ni".

Ní ti orúkọ àwọn ọ̀pá, iṣẹ́ wà fún wa. Ní ọjọ́ kan mo sọ fún àǹtí mi pé mo ti ra dẹ́rẹ́bà. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà wo? Mọ́tò dà?" Orúkọ olórí ńlá jù lọ ni mo ń pè, èyí tí òyìnbó ń pè ní driver. Yorùbá kò ní ìró /v/. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ wọ èdè wa láti ìdí ọkọ̀, /b/ ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tí ń ru àpò tí mo bá sọ̀rọ̀, "diráfà" ni mo gbọ́, /f/ ni àwọn fi rọ́pò rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pe "fáwẹ̀lì" ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè wa yá lẹ́ẹ̀mejì yìí, ó sì di ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni orúkọ ń dà láàmú. Orúkọ ni òyìnbó fi ń pe àwọn ọ̀pá yìí tẹ́lẹ̀: mashie, niblick, àti brassie tí ó ní idẹ ní ìdí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe wọ́n ní odidi àpò kan lẹ́ẹ̀kan náà ni nọ́ńbà gba ipò orúkọ. Karsten Solheim, ọmọ Norway tí ó di ará Amẹ́ríkà, pe ọ̀pá ìtìsíhò tí ó ṣe ní 1959 ní Ping nítorí ìró tí ó ń mú jáde. Ìfìrógbóyeyọ tí a ń kọ́ nínú ewì nìyẹn.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 ti fi ọ̀nà hàn wá. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà ìṣàpèjúwe, mo dá a lábàá pé kí driver jẹ́ ọ̀pá ìgbájìnnà, kí iron jẹ́ ọ̀pá olórí-irin pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí wedge jẹ́ ọ̀pá ìgbésókè, kí putter sì jẹ́ ọ̀pá ìtìsíhò. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá.

Ẹ̀KỌ́ TÍ MO KỌ́

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí ohun kẹrin. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀pá ìgbájìnnà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo mì ín sí etí, ó dún kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Mo mọ̀. Síbẹ̀, mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan ní Ìgándò tí ó ń kọ́ eré náà. Ó fún mi ní ọ̀pá ìtìsíhò kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Kò béèrè ọ̀rọ̀ gílúù, èmi náà kò sọ.

Nígbà tí ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta ní pápá kan, orí ọ̀pá náà já, ó fò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọbìnrin kan tí ó ń kiri ẹ̀pà kọjá. Ọpẹ́ ni pé kò bà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ọmọkùnrin náà wá sí Ẹgbẹ́dá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àǹtí mi, ó gbé ọ̀pá tí kò lórí kalẹ̀. Kò pariwo. Ohun tí ó bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó dúpẹ́, ó sì lọ.

N kò rí oorun sùn ní òru náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nínú ìdánwò, mo ti ṣe àlàyé òwe yìí rí, mo sì gba máàkì tí ó dára. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo gbé èké lọ tà yìí, ọmọ tí ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n ni ó sì rà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ dáńfó lọ sí Ìgándò, mo dá ọ̀pá ìtìsíhò àti bọ́ọ̀lù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti àná." Ó gba ẹrù rẹ̀, ó wọlé. Láti ìgbà náà kò tíì bá mi ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́, n kò sì bá a wí.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń so páálí kékeré mọ́ ọrùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tí mo bá fẹ́ gbé jáde. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ àbùkù rẹ̀ sí i: "rọ́bà ti le", "ó wọ́ díẹ̀", "orí ń mì". Ọjà mi kò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rà á ń padà wá.

ÌKÁDÌÍ

A ti rí i pé nínú ohun ìgbafẹ́ kékeré, ẹ̀kọ́ ìró, ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ àyálò àti ẹ̀kọ́ ìwà wà níbẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi pé kí ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ẹ bá rí ní ọjà àdúgbò yín. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní ọ̀pá ìgbésókè tí kò lò mọ́, kí ó wá mi wá. Mo ní olórí-irin nọ́ńbà 6 méjì. Ọ̀kan dára, ọ̀kan wọ́ díẹ̀. Páálí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.