Ìbòláṣìírí nínú Àkójọ Ìwífún tí a ń Tún Tẹ̀ Jáde: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Síbẹ̀, ìjọba kò lè ṣètò ilé-ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ láìka ènìyàn. Ohun tí ó kù ni bí a ó ti tẹ iye wọn jáde láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn olùtumọ̀ ni "ìyọkúrò-orúkọ". Ọ̀rọ̀ yìí kò tó. Ó tilẹ̀ lè ṣini lọ́nà.

Kí a gbà, bí àpẹẹrẹ, pé ilé-ìwòsàn kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ṣakí ń tẹ iye àwọn tí ó ń gba oògùn ikọ́ ife jáde lóṣooṣù, tí ó sì ń pín wọn sí àgbẹ̀, ahunṣọ, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù Kẹta, òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ 2. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n di 3. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó kó dé láti Ìsẹ́yìn láàárín oṣù méjèèjì, òun ni gbogbo abúlé yóò máa wò. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì ni ó tú u fó, kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ní Ìbàdàn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá sá pamọ́ sáàárín èrò. Ní pápá Òkè-Ògùn, níbi tí abúlé ti jìnnà síra, tí a sì mọ àlejò àná, ibi ìsápamọ́ kò sí.

Ìlànà tí Latanya Sweeney gbé jáde ní 2002 ni pé kí àpèjúwe ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ti àwọn mìíràn mu, kí wọ́n má sì dín sí iye kan tí a ti yàn. "Ìfarasin-láwùjọ" bá a mu. Àtẹ̀jáde ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó wà fún. Ní 2007, Xiaokui Xiao àti Yufei Tao ronú kan àtẹ̀jáde léraléra: gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fara hàn, irú àwọn àrùn kan náà ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà kò bá pé mọ́, a ó fi ẹni àfiṣe dí àlàfo. Èyí ni "àìyípadà-ẹgbẹ́".

Ọ̀nà mìíràn ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ yí òótọ́ padà díẹ̀. Nínú ìwádìí NDHS ti Nàìjíríà ní 2018, a ṣí àmì ibùdó kọ̀ọ̀kan nípò kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde: kò ju kìlómítà 2 lọ nínú ìlú, kò ju 5 lọ ní ìgbèríko, àyàfi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ibùdó ìgbèríko tí ó lè dé 10. Kí olùtumọ̀ má pe èyí ní "ariwo" nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì pè é. "Àbùlà" ni, bí ti ẹmu (àbùlà ẹlẹ́mu ni à ń sá fún, èyí ni à ń wá). Ṣùgbọ́n bí a bá ń bu àbùlà tuntun lu ibùdó kan náà ní ọdọọdún, ẹni tí ó bá ṣírò agbedeméjì àwọn àmì náà yóò súnmọ́ ibi gan-an. Àbùlà àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí a máa tún lò.

Nítorí náà "ìbòláṣìírí" sàn ju "ìyọkúrò-orúkọ" lọ. Ẹni tí ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo òun láṣìírí kò sọ pé kí a pa orúkọ òun rẹ́. Ó fẹ́ kí ìbòrí náà wà lónìí, kí ó wà lọ́la. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, 2023, pẹ̀lú kò dúró lórí orúkọ: ìwífún tí a lè fi mọ ènìyàn, ì báà ṣe tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú, wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé ìlànà ilé-ìwòsàn bá sọ pé "ìyọkúrò-orúkọ", akọ̀wé tí ó ti fa ìlà sórí orúkọ olùkọ́ náà yóò gbà pé iṣẹ́ òun ti parí.